Kí Ló Mú Omi Yà? Àgbéyẹ̀wò Orísun Ìkún Omi Nílẹ̀ Yorùbá àti Àyíká Rẹ̀

Àṣamọ̀

Nígbà òjò, ọ̀rọ̀ ìkún omi kì í tán lẹ́nu àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ máa ń dá lẹ́bi, ìyẹn ni pàǹtírí tó dí gọ́tà. Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò oríṣi ìkún omi mẹ́ta: èyí tí àgbàrá òjò ń fà, èyí tí odò àti dáàmù ń fà, àti èyí tí òkun ń fà. A bẹ̀rẹ̀ láti inú àwọn ọ̀rọ̀ tí èdè Yorùbá ní fún wọn. Lẹ́yìn náà ni a fi ìṣẹ̀lẹ̀ Ìbàdàn ní ọdún 1980 àti 2011, ti odò Ògùn, ti odò Ọya àti Bẹ́núè, àti ti etí òkun Èkó àti Ayétòrò ṣe àpẹẹrẹ. Àbájáde iṣẹ́ yìí ni pé bí orísun omi bá yàtọ̀, àtúnṣe rẹ̀ gbọ́dọ̀ yàtọ̀. A sì fi hàn pé olùkọ́ èdè Yorùbá ní ipa tirẹ̀ láti kó nínú kíkọ́ àwọn ọmọ ní ìyàtọ̀ yìí.

1.0 Ìfáàrà

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé í wó, onílé ni kò ní í gbà fún un. Òwe yìí pín iṣẹ́ fún ẹni méjì. Iṣẹ́ àgbàrá ni kí ó máa wá ibi tó rẹlẹ̀ lọ. Iṣẹ́ onílé ni kí ó má gbà. Ìbéèrè tó kù ni pé báwo ni onílé yóò ṣe kọ̀ fún ohun tí kò mọ ibi tó ti ń bọ̀? Ẹni tí omi ń bá láti orí òrùlé àti títì àdúgbò rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí omi ń bá láti inú odò tó ti rin ìrìn ọjọ́ púpọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn méjèèjì sì yàtọ̀ sí ẹni tí òkun ń jẹ ilẹ̀ mọ́ lẹ́sẹ̀.

Bí a bá tẹ́tí sí ohun tí à ń sọ lórí rédíò, ní ilé ìjọsìn àti nínú kíláàsì nígbà òjò, ìkìlọ̀ tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí ènìyàn má da ilẹ̀ sí gọ́tà. Ìkìlọ̀ yìí tọ́, kò sì yẹ kí a dákẹ́ rẹ̀. Ibi tí ewu wà ni pé ó ti di ìdáhùn kan ṣoṣo sí ìbéèrè púpọ̀. Ẹni tó ń gbé etí odò Ògùn lè kó gọ́tà rẹ̀ mọ́ tónítóní, kí omi sì tún bá a lórí ibùsùn. Bí ó bá gbà pé gọ́tà nìkan ni ọ̀rọ̀ wà, kò ní í bìkítà láti kó ẹrù rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá kéde pé wọ́n fẹ́ tú omi dáàmù sílẹ̀. Ìmọ̀ tí kò kún tó lè pa ènìyàn. Ìdí nìyí tí a fi rí i pé ó yẹ kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá náà dá sí ọ̀rọ̀ yìí, kí a má fi sílẹ̀ fún àwọn olùkọ́ jọ́gíráfì nìkan. Èdè ni ènìyàn fi ń lóye ewu, èdè náà ni a sì fi ń kìlọ̀ rẹ̀.

2.0 Ohun tí Èdè Yorùbá ti Sọ Nípa Ìkún Omi

Ìkún omi ni orúkọ gbogbogbòò tí a ń lò nínú ìwé àti nínú ìròyìn lóde òní. Lábẹ́ orúkọ yìí, èdè wa ní àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tí kò jọra wọn. Àkọ́kọ́ ni àgbàrá. Àgbàrá ni omi òjò tó ń ṣàn lórí ilẹ̀ kó tó dé odò. Kò ní orísun bí odò ṣe ní, òjò ni orísun rẹ̀. Bí òjò bá dá, láìpẹ́ àgbàrá yóò fà. A kì í sọ pé àgbàrá ń ṣàn ní ọ̀gbẹlẹ̀.

Ìkejì ni àkúnya. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn kún àti ya. Ètò àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì ṣe pàtàkì: kún ló ṣáájú, ya ló tẹ̀lé e. Ohun kan ní láti kọ́kọ́ kún dé bèbè kó tó di pé ó ya. Nítorí náà, odò, adágún tàbí dáàmù ni a sábà máa ń sọ pé ó kún àkúnya. Ọ̀rọ̀ yìí ń sọ fún wa pé kí a wo ohun tó gba omi jọ, kí a má sì wo òjò tó ń rọ̀ lójú wa nìkan.

Ìkẹta ni omíyalé, orúkọ tí àwọn ará Ìbàdàn mọ̀ dáadáa. Odidi gbólóhùn ló di ọ̀rọ̀-orúkọ yìí. Ohùn òkè tó wà lórí sílébù kejì omí ni ohùn tó máa ń tẹ̀lé olùwà nínú gbólóhùn. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀lé e ni yà, èyí tí ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ di ohùn àárín nítorí pé ọ̀rọ̀-orúkọ ilé tẹ̀lé e, gẹ́gẹ́ bí rà ṣe ń di ra nínú raṣọ. Ó yẹ kí a ṣe àkíyèsí pé wọ kọ́ ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí àwọn tó sọ ọ́ ní orúkọ yìí lò. Ẹni tó ń lọ lójú ọ̀nà rẹ̀ ni a ń sọ pé ó yà. Ohun tí omíyalé ń sọ ni pé omi ní ọ̀nà tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, nǹkan kan ló mú un yà kúrò níbẹ̀ sínú ilé. Kí ló mú omi yà? Ìbéèrè yìí gan-an ni onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa omi máa ń bèèrè.

Ní ti àwọn ará etí òkun, wọn kì í fi àgbàrá pe ohun tí ń bá wọn jà. Wọn a ní òkun ń jẹ ilẹ̀, tàbí pé ìgbì kó ilé lọ. Omi àgbàrá máa ń fà kúrò lórí ilẹ̀, ilẹ̀ náà á sì kù síbẹ̀. Ilẹ̀ tí òkun bá jẹ kì í sábà padà. Ìyàtọ̀ yìí ni ọ̀rọ̀-ìṣe jẹ gbé jáde.

3.0 Àgbàrá Òjò: Ìdí tó Fi Ń Lágbára

Bí òjò bá rọ̀ sílẹ̀, ọ̀nà mẹ́ta ni omi rẹ̀ lè gbà. Ilẹ̀ lè fà á mu, oòrùn àti ewéko lè gbé e padà sínú afẹ́fẹ́, ó sì lè ṣàn lọ. Èyí tó ṣàn lọ ni àgbàrá. Ohun mẹ́ta ló ń sọ bí àgbàrá yóò ṣe pọ̀ tó.

Àkọ́kọ́ ni bí òjò ṣe yára tó. Òjò kan náà tó bá fi ọjọ́ mẹ́ta rọ̀ díẹ̀díẹ̀ lè má ba nǹkan kan jẹ́, ṣùgbọ́n bó bá fi wákàtí mẹ́ta rọ̀, ilẹ̀ kò ní í ráyè fà á mu. Ìkejì ni bí omi ṣe ti pọ̀ tó nínú ilẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ dà bí kànrìnkàn. Bó bá ti rin gbindingbindin, èyí tó bá tún kán sórí rẹ̀ yóò ṣàn lọ ni. Ìkẹta ni ohun tó bo ilẹ̀. Igi àti koríko ń dá omi dúró, gbòǹgbò wọn sì ń la ọ̀nà fún un láti wọlẹ̀. Òrùlé páànù, títì olọ́dà àti àgbàlá tí a da sìmẹ́ńtì sí kò fún omi láyè kankan.

Ìṣirò kékeré kan yóò jẹ́ kí èyí yé wa. Òjò tó rọ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 26 oṣù Ògún ọdún 2011 tó mìlímítà 187.5. Bí òrùlé ilé kan bá fẹ̀ ní mítà 10, tó sì gùn ní mítà 10, omi tó bọ́ láti orí òrùlé kan ṣoṣo yìí lọ́jọ́ náà yóò tó lítà 18,750. Bí a bá fẹ́ gbe e sínú àwọn àgbá onílítà 200, a ó nílò àgbá bíi 94. Bí irú ilé bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún lórí òkè kan, tí gbogbo wọn sì da omi wọn sí ojú àgbàrá kan ṣoṣo, ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ òkè yóò rí ohun tí ojú rẹ̀ kò rí rí, kódà bí kò bá sí ọ̀rá omi kan ṣoṣo nínú gọ́tà rẹ̀.

Àyípadà ojú ọjọ́ tún dá kún un. Afẹ́fẹ́ tó bá móoru lé ní ìwọ̀n kan lórí ìwọ̀n Celsius lè gbé omi tó fi bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ayé ṣe ń móoru sí i, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí òjò ńlá kan lè dà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ń pọ̀ sí i. Gọ́tà tó tó fún òjò àwọn baba wa lè má tó fún òjò àwọn ọmọ wa.

4.0 Ìbàdàn: Odò Ògùnpa àti Àwọn Odò Mìíràn

Kò sí ibi tó fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere bí Ìbàdàn. Ìlú olókè ni. Láàrin àwọn òkè rẹ̀ ni àwọn odò bí Ògùnpa, Kúdẹtì, Ọ̀nà àti Ọ̀gbẹ̀rẹ̀ ti ń ṣàn. Omi tó bá rọ̀ sórí òkè kì í pẹ́ kó tó dé àfonífojì, àfonífojì náà ni a sì kọ́ ọjà, ilé ìtajà àti ilé gbígbé sí.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù Ògún ọdún 1980, òjò rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí ní Ìbàdàn. Omi tí a wọ̀n tó mìlímítà 274. Odò Ògùnpa kún, ó sì ya. Òkú tí a rí kó jọ lé ní 200, ilé, ọkọ̀ àti ọjà tó bá omi lọ kò sì níye. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí odò náà yóò ya, nítorí ó ti ṣọṣẹ́ ní ọdún 1978 àti ṣáájú ìgbà náà. Ohun mẹ́ta ló pàdé lọ́jọ́ náà. Òjò pọ̀ lápọ̀jù. Ilé àti ọjà ti gba bèbè odò. Pàǹtírí sì ti dí ojú omi àti ihò abẹ́ afárá, débi pé ohun tó yẹ kó ṣàn lọ sá padà sẹ́yìn. Ẹni tó bá mú ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́ta yìí, tó ní òun ni òkùnfà, kò tíì sọ òtítọ́ tán.

Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ yìí, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ojú odò Ògùnpa, wọ́n sì fi kankéré mọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí omi lè máa rí ọ̀nà lọ. Iṣẹ́ náà gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 26 oṣù Ògún ọdún 2011, omi tún ya, ẹni tó kú sì lé ní 100. Lọ́tẹ̀ yìí, Ògùnpa nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ kàn. Afárá Apẹ̀tẹ̀ wó. Omi adágún Eléyẹlé, èyí tí wọ́n ti sé láti ọdún 1942 lórí odò Ọ̀nà, kún kọjá ààlà rẹ̀. Omi wọ inú Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì ba ọgbà ẹranko àti ibi ìsìn ẹja ibẹ̀ jẹ́. Láàrin ọdún 1980 sí 2011, ìlú ti tàn dé àwọn ibi tó jẹ́ oko àti igbó tẹ́lẹ̀, àwọn odò tó wà níbẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba omi òrùlé àti títì tí wọn kì í gbà rí.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò fara sin. Àtúnṣe ojú odò kan kì í ṣe àtúnṣe ilẹ̀ tó ń da omi sí gbogbo odò. Ìyẹn ló fà á tí iṣẹ́ tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dáwọ́ lé lẹ́yìn náà pẹ̀lú owó yíyá láti Báńkì Àgbáyé, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2014, fi jẹ́ ti gbogbo ìlú Ìbàdàn, tí kì í ṣe ti odò kan.

5.0 Àkúnya Odò àti Omi Dáàmù

Àgbàrá kì í pẹ́ kó tó dé, kì í sì í pẹ́ kó tó lọ. Àkúnya odò ńlá kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè rin ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kó tó dé, ó sì lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí òjò kò rọ̀ lágbègbè rẹ̀.

5.1 Odò Ògùn àti Dáàmù Ọ̀yán

Odò Ògùn ṣàn wá láti apá òkè Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì wọ inú ọ̀sà Èkó. Odò Ọ̀yán jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn odò tó ń da omi sínú rẹ̀. Ní ọdún 1983 ni wọ́n ṣí dáàmù Ọ̀yán, kí Abẹ́òkúta àti Èkó lè rí omi mu, kí àwọn àgbẹ̀ sì rí omi fi bomi rin oko. Bí òjò bá pọ̀ lókè odò, dáàmù á kún. Bí ó bá kún, àwọn tó ń ṣọ́ ọ ní láti tú omi sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ògiri rẹ̀ lè wó, èyí sì burú ju gbogbo rẹ̀ lọ. Omi tí wọ́n tú sílẹ̀ yìí yóò dà pọ̀ mọ́ omi odò Ògùn tó ti ga tẹ́lẹ̀, yóò sì sọ̀ kalẹ̀ lọ bá àwọn ará Ìṣẹ́rì, Kara, àti Àjègúnlẹ̀ tó wà lọ́nà Ìkòròdú. Irú èyí ṣẹlẹ̀ ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2010, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní agbègbè wọ̀nyí fi ilé sílẹ̀.

Ilẹ̀ tí wọ́n kọ́lé sí yìí jẹ́ ilẹ̀ àbàtà tí odò Ògùn ti máa ń tẹ́ sí lọ́dọọdún kí ẹnikẹ́ni tó kọ́lé síbẹ̀. Kódà bí kò bá sí dáàmù, odò náà yóò máa wá ibùjókòó rẹ̀. Bí a bá bèèrè ohun tó mú omi yà níbẹ̀, ìdáhùn wa ni pé odò ń lọ sí ilẹ̀ rẹ̀, ènìyàn ló lọ bá a níbẹ̀. Gọ́tà kò lè wo irú èyí sàn. Ohun tó lè ràn wọ́n lọ́wọ́ ni ìkìlọ̀ tó tètè dé, ìṣọ́ra nípa bí a ṣe ń tú omi dáàmù díẹ̀díẹ̀ kí òjò tó le, àti òfin tí kò fàyè gba ilé tuntun lórí àbàtà.

5.2 Odò Ọya àti Odò Bẹ́núè

Odò Ọya fi hàn wá pé ìgbà òjò àti ìgbà ìkún omi lè yàtọ̀. Ó ń ní ìkún méjì lọ́dún ní apá òkè orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ti àkọ́kọ́ wá láti inú òjò tó rọ̀ nítòsí, omi rẹ̀ sì kún fún ẹrẹ̀. Inú oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ló máa ń ga jù. Ti èkejì wá láti inú òjò tó rọ̀ sórí àwọn òkè ilẹ̀ Guinea. Omi yìí á gba àbàtà ńlá ilẹ̀ Mali kọjá, ẹrẹ̀ inú rẹ̀ á sì sílẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tó bá fi dé Nàìjíríà, ọyẹ́ ti dé, òjò ti lọ. Ẹni tó bá rí i tí odò ń ga nígbà ọyẹ́, tí kò sì mọ ìtàn yìí, lè rò pé iṣẹ́ ìyanu ni.

Ní ọdún 2012, odò Ọya àti Bẹ́núè kún lẹ́ẹ̀kan náà. Òjò ọdún náà pọ̀, orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù sì tún tú omi sílẹ̀ láti inú dáàmù Lagdo tó wà lórí odò Bẹ́núè. Lọ́kọ́ja, níbi tí odò méjèèjì ti pàdé, wà lára ibi tí ìyà náà pọ̀ jù sí. Gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ ìjọba àpapọ̀, ènìyàn 363 ló kú jákèjádò orílẹ̀-èdè, àwọn tó fi ilé sílẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù 2. Ní ọdún 2022, ó tún ṣẹlẹ̀, ẹni tó kú sì lé ní 600. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fi gbogbo ẹ̀bi ru Lagdo. Òtítọ́ ni pé omi Lagdo ń dá kún un, ṣùgbọ́n òjò tó rọ̀ nínú Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ni orísun èyí tó pọ̀ jù nínú omi ọdún 2022. Bí a bá ń wo òkèèrè nìkan, a ó gbàgbé ohun tó wà lọ́wọ́ wa.

5.3 Nígbà tí Dáàmù Bá Wó

Ìyàtọ̀ wà láàrin omi tí a tú sílẹ̀ àti omi tó já ògiri. Ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún 2024, dáàmù Alau tó wà nítòsí Maiduguri já, omi sì bo apá púpọ̀ nínú ìlú náà láàrin wákàtí díẹ̀. Ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ènìyàn di aláìnílé. Maiduguri kì í ṣe ìlú tí òjò pọ̀ sí. Ẹ̀gbẹ́ aṣálẹ̀ ló wà. Ohun tó yẹ kí a bèèrè nípa irú ìkún omi yìí ni ìgbà tí wọ́n ṣàyẹ̀wò ògiri náà kẹ́yìn, àti ẹni tó yẹ kó tún un ṣe. Ó yẹ kí gbogbo ìlú Yorùbá tó ní dáàmù nítòsí máa bèèrè bẹ́ẹ̀.

6.0 Ìkún Omi tí Òkun Ń Fà

Ní etí òkun, ìyípadà inú omi àti ìyípadà inú iyanrìn ló ń fa ìṣòro. Ìgbì máa ń kó iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn ní etíkun Èkó. Láàrin ọdún 1908 sí 1912, ìjọba amúnisìn kọ́ ògiri òkúta sínú òkun ní ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó kí ọkọ̀ ojú omi lè máa wọlé láìfarapa. Ògiri yìí ṣe iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó dá iyanrìn dúró. Etíkun tó wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ ń fẹ̀ sí i. Ti ìlà-oòrùn, níbi tí Bar Beach wà ní Victoria Island, kò rí iyanrìn gbà mọ́, òkun sì ń jẹ ẹ́ lọ títí ó fi ń ya wọ títì. Ohun tí ènìyàn kọ́ ní ọ̀rúndún kan sẹ́yìn ló di omíyalé fún àwọn tí a kò tíì bí nígbà náà. Iyanrìn tí a kó padà àti ògiri ńlá tí a kọ́ ní àkókò tiwa ni a fi dá òkun dúró níbẹ̀.

Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò ní irú ògiri bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1947 ni àwọn ẹlẹ́sìn Krístì kan tẹ ìlú náà dó, ó sì lókìkí fún ìgbé ayé àjùmọ̀ṣe. Ẹrẹ̀ ni etíkun ibẹ̀, kì í ṣe iyanrìn líle, ilẹ̀ rẹ̀ sì rẹlẹ̀ gan-an. Òkun ti kó ọ̀pọ̀ ilé lọ níbẹ̀, àwọn ènìyàn sì ti ń kó sẹ́yìn léraléra. Omi òkun káàkiri àgbáyé ti ga tó bíi sẹ̀ǹtímítà 20 láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Fún ìlú tó wà lórí òkè, èyí kò jọ nǹkan kan. Fún Ayétòrò, ọ̀rọ̀ ikú tàbí ìyè ni.

Oríṣi ìkún omi méjì tún lè pàdé. Ní Èkó, inú ọ̀sà ni ọ̀pọ̀ gọ́tà ń da omi sí. Bí òkun bá ga, ọ̀sà náà á ga, ẹnu gọ́tà á sì wà lábẹ́ omi. Bí òjò ńlá bá rọ̀ ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀, àgbàrá kò ní í rí ibi tí yóò dà sí. Yóò dúró lójú títì títí òkun yóò fi sọ̀ kalẹ̀. Gọ́tà lè mọ́, síbẹ̀ kí omi má lọ.

7.0 Ìgbàgbọ́ Àbáláyé àti Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì

Kò sí bí a ṣe lè sọ̀rọ̀ odò nílẹ̀ Yorùbá tí a kò ní í kan òrìṣà. Ọ̀pọ̀ àgbà gbà pé bí a bá rú èèwọ̀ odò, odò a máa bínú. Àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn sì ń wo ìkún omi gẹ́gẹ́ bí ìbínú Ọlọ́run. Iṣẹ́ olùkọ́ kì í ṣe láti bú ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti béèrè ohun tí èèwọ̀ náà ń ṣe. Ní Òṣogbo, èèwọ̀ ni láti gé igi tàbí láti pa ẹran nínú igbó Ọ̀ṣun. Ìtàn ìlú náà sọ pé inú igbó yìí ni àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó kọ́kọ́ gbé kí wọ́n tó kó jáde lọ sí ibi tí ìlú wà báyìí. Igbó náà, tí àjọ UNESCO kọ sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005, ṣì dúró ní bèbè odò. Igi ń dá àgbàrá dúró níbẹ̀, kò sì sí ilé tí omi yóò wó lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò náà. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń sọ lónìí, pé kí a fi ààyè sílẹ̀ fún odò ní apá ọ̀tún àti òsì, ni èèwọ̀ yìí ti ń dáàbò bò.

Ibi tí a ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ni ibi tí ìgbàgbọ́ bá ti di àwáwí. Bí aṣojú ìjọba bá ta ilẹ̀ bèbè odò, tí ilé wó pa ènìyàn, tí a wá ní àmúwá Ọlọ́run ni, a ti gba ẹ̀bi lọ́rùn ẹni tó ni ín.

8.0 Ìlò Iṣẹ́ Yìí Nínú Kíláàsì

Fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, a dá àbá mẹ́ta.

(i) Ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ àti ìtumọ̀: Kí olùkọ́ kọ àgbàrá, àkúnya, omíyalé àti òkun jẹlẹ̀ sójú pátákó. Kí ó ní kí àwọn ọmọ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gbólóhùn, kí wọ́n sì sọ ibi tí omi inú gbólóhùn náà ti wá. Ọmọ tó bá sọ pé àgbàrá ya láti inú òkun, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ àti ìmọ̀ àyíká ni a ó jọ tún ṣe fún un lẹ́ẹ̀kan náà.

(ii) Àyẹ̀wò: Kí wọ́n wá abọ́ mẹ́ta tí a dá ihò sí nísàlẹ̀ àti lẹ́bàá ẹnu. Kí wọ́n fi erùpẹ̀ tó ní koríko sínú ọ̀kan, erùpẹ̀ tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ gbagidi sínú èkejì, kí wọ́n sì da sìmẹ́ńtì sí ìkẹta. Kí wọ́n da ife omi kan sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì wọn èyí tó ṣàn jáde láti òkè. Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n kọ àròkọ aṣàlàyé lórí ohun tí wọ́n rí.

(iii) Ìwádìí: Kí wọ́n tọ gọ́tà ilé-ẹ̀kọ́ wọn títí dé ibi tó ti wọ odò, bí kò bá léwu, kí wọ́n sì ya àwòrán rẹ̀. Kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá àwọn àgbà àdúgbò lẹ́nu wò nípa ibi tí omi máa ń gbà tẹ́lẹ̀ àti orúkọ tí wọ́n ń pe ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ orúkọ àdúgbò ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Odò, Àbàtà tàbí Ìsàlẹ̀. Orúkọ bẹ́ẹ̀ ti kìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ kọ́lé síbẹ̀, bí ó bá lè gbọ́.

Nígbàkúùgbà tí ìròyìn ìkún omi bá dé, kí olùkọ́ kọ́ wọn láti bèèrè nǹkan mẹ́rin: Níbo ni omi ti wá? Ìgbà wo ló dé, ṣé òjò ń rọ̀ tàbí ó ti dá? Báwo ló ṣe yára tó? Kí ló mú un yà kúrò lọ́nà rẹ̀? Ẹni tó bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́rin yìí yóò mọ̀ bóyá gọ́tà ni kí òun kó, bóyá ẹrù ni kí òun dì, tàbí bóyá lẹ́tà ni kí òun kọ sí ìjọba.

9.0 Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti fi hàn pé ìkún omi kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Àgbàrá ń wá láti inú òjò tó yára àti ilẹ̀ tí kò lè mu omi. Àkúnya ń wá láti inú odò tó kún, dáàmù tí a ṣí tàbí ògiri tó já. Ti òkun ń wá láti inú iyanrìn tó ṣí kúrò àti omi tó ń ga. Ìbàdàn ní ọdún 1980 àti 2011 fi yé wa pé òkùnfà lè ju ẹyọ kan lọ lọ́jọ́ kan náà, àti pé àtúnṣe apá kan kì í ṣe àtúnṣe gbogbo.

A dá a lábàá pé kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni fi àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sínú ẹ̀kọ́ èdè. Lọ́dọọdún ni àjọ NiMet máa ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ òjò, tí àjọ NIHSA sì máa ń sọ ti ìkún odò. Ó yẹ kí a máa túmọ̀ wọn sí èdè Yorùbá tó já gaara, kí ìkìlọ̀ tó bá jáde fi ìyàtọ̀ sáàárín àgbàrá, àkúnya àti ìgbì òkun. Ìyá tó ń tajà ní Kara kò nílò láti mọ gbogbo ohun tí onímọ̀ mọ̀. Ohun tó nílò ni kí ó gbọ́, ní èdè tó yé e, pé omi tó ń bọ̀ lọ́sẹ̀ yìí ń bọ̀ láti òkè odò, àti pé kí ó kó ọmọ àti ọjà rẹ̀ lọ sí ibi gíga bí ojú ọ̀run tilẹ̀ mọ́ kedere.